Àyà Ni Mo Wí, N Kò Wí Aya

Nínú èdè tiwa, ẹni tó bá gbójú, wọ́n á ní ó láyà. Ẹni tó bá ń sá fún ìjà, wọ́n á ní kò láyà. Tí ẹ̀rù bá ba ènìyàn, àyà rẹ̀ já. Tí ara bá tù ú, àyà rẹ̀ balẹ̀. Gbogbo ohun tó ń mú ènìyàn jẹ́ ènìyàn, inú àyà ni Yorùbá kó o sí. Ẹ wá wo ọ̀ràn èmi tí Ọlọ́run fún ní àyà, àmọ́ tó jìn wọnú. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni egungun àárín àyà mi ti wọlé sínú, bí ìgbà tí ọmọdé fi ìkúùkù tẹ iyán tó ṣì gbóná. Tí mo bá dùbúlẹ̀ tí wọ́n da omi sí mi láyà, omi náà á dúró síbẹ̀, kò ní ṣàn lọ síbì kankan.

Ìkẹ́rẹ́ ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo dàgbà sí. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa kò jẹ́ kí n gbádùn. Ọ̀kan bi mí níjọ́ kan bóyá mo máa ń rẹ gàrí síbẹ̀ nílé kí n lè dín abọ́ fífọ̀ kù. Òmíràn ní kí n ṣọ́ra nígbà òjò kí ọ̀pọ̀lọ́ má lọ yé ẹyin sí mi láyà. Èmi náà kì í gbà fún wọn, nítorí ẹnu tí Ọlọ́run fún mi mú ju abẹ lọ. Ẹni tó bá bú mi lẹ́ẹ̀kan á gba èsì tó máa gbé lọ sílé. Àmọ́ tó bá di pé ká sáré, tó bá di pé ká gbá bọ́ọ̀lù, ẹnu kì í gbá bọ́ọ̀lù. N kò ní tíì sáré dé ìdajì pápá tí èémí á ti kúrú, tí ọkàn mi á máa lù kìkì bí ẹni pé ó ń wá ojú ọ̀nà àbájáde. Wọ́n á ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, kò láyà." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ọ̀rọ̀ gàrí lọ, torí mo mọ̀ nínú ara mi pé mo láyà. Ibi tí Ọlọ́run gbé e sí ló há.

Bí mo ṣe ń dàgbà, mo kọ́ ọgbọ́n. N kì í bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì níwájú ẹnikẹ́ni. Sìngílẹ́ẹ̀tì lábẹ́, ṣẹ́ẹ̀tì lókè, bí oòrùn ràn bí kò ràn. Ìyá mi nìkan ló mọ bí kòtò náà ṣe jìn tó. Nígbà tí mo wà ní kékeré, òun ló máa ń fi àdí pa á fún mi láràárọ̀, á máa fi ọwọ́ wọ́ ọ láti ìsàlẹ̀ bọ̀ wá sókè bí ẹni pé ó lè fà á jáde. Ìyá mi kì í ṣe ẹni tó ń dákẹ́ o, àmọ́ tó bá ti ń fi àdí pa mí láyà, kì í sọ̀rọ̀ rárá. Mo rò pé àdúrà ló ń gbà nínú.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sín kọ́ ló gbé mi dé ilé ìwòsàn ṣá. Èémí ni. Tíṣà jọ́gíráfì ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan níbí ní Ìkẹ́rẹ́, mo sì fẹ́ràn iṣẹ́ náà dé góńgó. Bí mo ṣe ń kọjá ọgbọ̀n ọdún lọ, mo ṣàkíyèsí pé ọ̀rọ̀ kì í parí lẹ́nu mi mọ́. Màá bẹ̀rẹ̀ àlàyé lórí bí òkè ṣe ń di òkè, kí n tó dé ìdí ọ̀rọ̀, màá dúró mí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rò pé mò ń ronú ni. Wọ́n ní tíṣà àwọn jinlẹ̀. Wọn kò mọ̀ pé ibi tó jìn lára tíṣà wọn kì í ṣe orí. Tí mo bá gun àtẹ̀gùn lọ sí kíláàsì òkè, màá di ojú fèrèsé mú, màá máa ṣe bí ẹni tó ń wo pápá. Tí mo bá fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, lílù ọkàn mi kì í jẹ́ kí n sùn. Ikọ́ tó ń ṣe ẹlòmíràn lọ́jọ́ mélòó kan, tí ó bá dé ọ̀dọ̀ mi, á gba ilé gbé.

Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa, tó jẹ́ ènìyàn jẹ́jẹ́, pè mí lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Tíṣà, mo ti ń wò yín. Ṣé kí á kúkú gbé yín sí ọ́fíìsì, kẹ́ ẹ máa bá wa bójú tó fáìlì? Ẹ ó lè máa sinmi níbẹ̀." Àánú ló fi sọ ọ́, inú sì bí mi. Èmi, láàárín fáìlì! Mo ní kí ó fún mi di ìparí táàmù. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Tí mi ò bá wá nǹkan ṣe sí èémí yìí, kíláàsì ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn. Ẹni tí kò sì lè sọ gbólóhùn kan parí lónìí, ta ló mọ ohun tí kò ní lè ṣe lọ́dún tó ń bọ̀?

Ilé ìwòsàn kan ní Adó ló darí mi sí Ìbàdàn, sọ́dọ̀ dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ àyà. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé pé mò ń lọ. Obìnrin ni dókítà náà, kò sì lè jù mí lọ lọ́jọ́ orí. Wọ́n ya àyà mi ní fọ́tò, wọ́n tì mí wọ inú ẹ̀rọ ńlá kan, wọ́n ní kí n fẹ́ atẹ́gùn sínú páìpù títí omi fi jáde lójú mi, wọ́n fi nǹkan tútù kan pa mí láyà láti wo ọkàn mi níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, ó gbé àwòrán síwájú mi, ó sì fi bírò tọ́ka sí i.

Ó ní, "Sà, ẹ wo ọkàn yín. Kò ṣàìsàn. Àyè ni kò ní. Egungun yìí ti tì í lọ sápá òsì, ó sì ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀dọ̀fóró yín náà kò rí ibi fẹ̀ sí bó ṣe yẹ."

Ó ṣàlàyé pé àwọn kan wà tí tiwọn kò jìn púpọ̀, tí kò sì dí wọn lọ́wọ́, pé àwọn yẹn kò nílò abẹ. Tèmi ti kọjá bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa la iwájú àyà mi, wọ́n á gé àwọn egungun rírọ̀ tó gùn jù, ìyẹn àwọn tó so egungun ìhà mọ́ egungun àárín àyà. Wọ́n á wá gbé egungun àárín náà sókè síbi tó yẹ kó wà, wọ́n á fi irin pẹlẹbẹ kan tì í lẹ́yìn kó má bàa wọlé padà, títí ara á fi jinná. Tó bá yá, wọ́n á yọ irin. Ó ní ì bá dára kí n ti wá nígbà ọ̀dọ́ tí egungun ṣì rọ̀, àmọ́ kò tíì pẹ́ jù. Mo bi í léèrè ewu tó wà níbẹ̀, kò sì fi pamọ́ fún mi. Ẹ̀jẹ̀ lè dà, ojú egbò lè kẹ̀, afẹ́fẹ́ lè kó síbi tí kò yẹ, irin lè yẹ̀. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n gbà á gbọ́. Ẹni tó bá sọ fún mi pé kò séwu kankan nínú ká la ènìyàn láyà, n kò ní jẹ́ kó gé èékánná mi.

Kí ọkọ̀ wa tó dé Iléṣà lójú ọ̀nà àbọ̀, mo ti pinnu. Ẹ̀rù ń bà mí o, n kò ní purọ́. Àmọ́ ìdùnnú mi ju ẹ̀rù lọ, torí ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnì kan máa sọ fún mi pé ohun tó ń ṣe mí ní ìdí, ó sì ní àtúnṣe. Inú ọkọ̀ níbẹ̀ ni mo ti kọ̀wé sí ẹbí lórí WhatsApp. Ta ló ń fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ lórí fóònù? Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé náà kò fi sí i. Ohun tí mo kọ nìyí: "E ku irole o, eyin eeyan mi. Oro aya mi ti yanju. Dokita ni, o si mo ise re daadaa. Ibadan ni yoo ti waye ninu osu to n bo. E fi adura ran mi lowo."

Bí mo ṣe fi í ránṣẹ́ tán ni bátìrì kú. Nígbà tí iná dé lọ́jọ́ kejì tí mo tan fóònù, ọ̀rọ̀ ti kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Èkó ń pariwo ògo. Àwọn tó wà lókè òkun ń pàtẹ́wọ́. Àbúrò bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbàdo nítorí Àgbàdo-Èkìtì ló ń gbé, ti fi ohùn ránṣẹ́, orin ọpẹ́ ló sì kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Omi lé ròrò sí mi lójú. Mo ní, àṣé báyìí ni ẹbí mi fẹ́ràn mi tó! Mo dá wọn lóhùn: "E se o. Oju mi ti ri nnkan lori oro yii. Ki Olorun je ko bo si i." Gbogbo wọn ní àmín. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó bi mí pé kí ló ń ṣe mí, èmi náà kò sì rí i pé ó yẹ kí n fura.

Ìyá mi kì í ka nǹkan lórí fóònù. Ìyá Àgbàdo ló pè é tó ròyìn fún un, òun náà sì pè mí pé kí n wá jẹun nílé ní Sátidé. Ilé bàbá mi tó ti kú ló ń gbé, èmi yá yàrá nítòsí ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tí mo débẹ̀ lọ́jọ́ náà, Ìyá Àgbàdo ti jókòó sí àga tó tóbi jù, iṣu àti epo ló kó síwájú, adìyẹ kan sì wà ní ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n ti so ní okùn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àgbẹ̀ kòkó ní Ògòtún, ti dé fìlà tí kì í dé àfi ní Kérésìmesì.

"Ọkọ dókítà!" Ìyá Àgbàdo kígbe. "Wọlé wá, ọkọ dókítà!"

Mo wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ló ń wọlé bọ̀.

"Ọmọ mi, o ṣeun," ó ń bá ọ̀rọ̀ lọ, "o ti yọ wá nínú ùtìjú. Uṣu nìí, epo nìí, adìẹ nìí. Ọmọ ùlú wo ni? Ṣé ulé ire ló ti wá?"

"Ta ni, mà?"

"Ùyàwó rẹ ni!"

"Ìyàwó wo?"

Ẹ̀gbọ́n mi yọ fóònù, ó wọ awò ojú, ó sì ka ìwé tí mo kọ ketekete bí ẹni ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì. "Ọ̀rọ̀ aya mi ti yanjú. Dókítà ni, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa." Ó bọ́ awò ojú. "Ṣé kì í ṣe ùwọ lo kọ ọ́ ni?"

Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń rín sí i. Mo rẹ́rìn-ín títí ọkàn mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í lù, tí mo di ara ògiri mú. "Ẹ̀gbọ́n mi, àyà! Àyà ni mo wí, n kò wí aya!"

"Àyà kẹ̀?" Ìyá Àgbàdo yanu. "Kí ló ṣe àyà?"

Mo fẹ́ ṣàlàyé, àmọ́ èémí ti kúrú, ọ̀rọ̀ kò jáde. Mo wò wọ́n níbi tí wọ́n jókòó sí, tàwọn ti iṣu, tàwọn ti adìyẹ, tí wọ́n ń retí ìyàwó. Ńṣe ni mo ṣí bọ́tìnnì. Mo bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, mo bọ́ sìngílẹ́ẹ̀tì, mo dúró níwájú wọn nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Yàtọ̀ sí ọ̀dọ̀ dókítà, ohun tí n kò ṣe láti ìgbà tí mo ti bàlágà nìyẹn. Ìyá Àgbàdo fi ọwọ́ bo ẹnu. Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó rọra fi ọwọ́ rẹ̀ tó le bí pákó sínú kòtò náà, ọwọ́ sì wọlé. Ó gbọ́ bí ọkàn mi ṣe ń lù lábẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Àbúrò, bó ṣe wà láti ùgbà yìí wá nìí? O sì ń dákẹ́?" Ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì ṣí fìlà lórí.

Mo wá sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, láti orí fáìlì ọ̀gá wa dé orí irin tí wọ́n máa fi síbẹ̀.  Ìyá mi wá ní, "Wọn ò ní la ọmọ mi láyà. Èmi ni mọ bà á jẹ́. Ọlọ́run ló máa bá mi tún un ṣe."

A kò mọ ohun tó ń wí. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún, ó sì sọ ohun tó ti gbé sínú láti ọdún tí wọ́n ti bí mi. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọwọ́, òun àti bàbá mi ń kọ ebè lóko, èmi ni mo wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó máa ń fi ọ̀já gbá mi mọ́ra pinpin kí n má bàa yọ̀ bọ́ nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá rí i pé àyà mi jìn, ìyá bàbá mi wò ó lójú, ó ní, "Ọ̀já rẹ ló tẹ ọmọ láyà." Gbólóhùn kan péré. Ìyá mi kò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́, kò sì pọn àwọn ọmọ tí ó bí tẹ̀lé mi rárá. Ọwọ́ ló fi ń gbé wọn kiri, ní oko, ní ọjà, ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ènìyàn sì ń pè é ní alákẹ́jù. Gbogbo àdí tó ń fi pa mí láràárọ̀ yẹn, ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀ mí.

Inú bí mi. Kì í ṣe sí ìyá mi o. Sí òkú ọ̀run tó sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí ìyá ọlọ́mọ tí kò sì dúró kí n dá a lóhùn. Mo ní, "Màámi, ẹ bá mi dé Ìbàdàn. Tí dókítà bá ní ọ̀já ni, n kò ní ṣe é mọ́." Ó gbà. Ìyá Àgbàdo nu ojú rẹ̀, ó ní kí n bá òun bi dókítà náà bóyá ó ti lọ́kọ, nítorí òun kò ní gbé adìyẹ padà sí Àgbàdo.

Èmi, ìyá mi àti ẹ̀gbọ́n mi la jọ lọ. Ìyá mi wọ aṣọ tó fi ń lọ gba ara Olúwa, ó múra bí ẹni tó ń lọ sí kóòtù. Kí dókítà tó kí wa tán, ó ti ro ẹjọ́ mọ́ ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀ kan náà, oko, ebè, ọ̀já, gbogbo rẹ̀. Dókítà náà kò rẹ́rìn-ín. Ó fa àga sún mọ́ ọn, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ó ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ta ni wọn kò pọ̀n nínú wa? Èmi tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí, ìyá mi pọ̀n mí lọ sí oko, ó pọ̀n mí lọ sí odò. Bí ọ̀já bá ń mú àyà jìn, gbogbo Yorùbá ni àyà wọn ì bá jìn. Egungun tó wà láàárín ìhà àti àyà ló dàgbà ju bó ṣe yẹ, òun ló ti egungun àárín wọlé. Ẹ pọ̀n ọ́n o, ẹ kò pọ̀n ọ́n o, bó ṣe máa rí nìyẹn. Ẹ kò ṣe nǹkan kan fún un àfi oore."

 Ìyá mi ní kó tún un sọ. Dókítà tún un sọ. Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi bóyá òun náà gbọ́ ọ, ẹ̀gbọ́n mi ní òun gbọ́. Ìyá mi wá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, ó bẹ̀rẹ̀ láti inú ikùn wá. Ó dìde, ó gbọn ìró rẹ̀, ó ní, "Ó dáa. Ẹ ṣe é." Ó sì yí padà sí mi pé, "Kí lọ tún ń wò? Dókítà ní kí ọ wá ṣe é, ọ dúró síbẹ̀."

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ náà, ohun tí mo rántí kò pọ̀. Iná tó mọ́lẹ̀ lókè orí mi, òtútù, ohùn ẹnì kan tó ní kí n mí sínú dáadáa. Mo rántí pé mo rẹ́rìn-ín sí i pé tí mo bá lè mí sínú dáadáa ni, kí ni mo wá ṣe níbí? Nígbà tí mo máa lajú, ìrora ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín, ó dùn mí. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n gbé odó kalẹ̀ sí mi láyà. Túùbù wà ní ẹ̀gbẹ́ mi tó ń fa omi jáde, gbogbo ìgbà tí mo bá sì wúkọ́, mo ń rí ọ̀run. Àmọ́ nọ́ọ̀sì kan wá, ó ní kí n mí. Mo rọra fà á sínú, mo ń retí ibi tó máa ń dúró sí, ibi tí mo ti mọ̀ láti kékeré pé ògiri wà. Kò dúró. Ó ń lọ. Ó kọjá ibi tí mo mọ̀, ó ṣì ń lọ, títí ìrora fi ní kí n dá a dúró. Mo sunkún lórí ibùsùn yẹn bí ọmọdé. Nọ́ọ̀sì rò pé abẹ́rẹ́ ìrora ni mo ń fẹ́, n kò sì lè ṣàlàyé fún un pé inú mi ló dùn.

Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ wo àyà mi nígbà tí wọ́n ṣí báńdéèjì. Àpá gùn láàárín rẹ̀, àmọ́ ó tẹ́jú. Ó wò ó títí, ó ní, "Wọ́n ti kọ ọ́ bí ebè." Àgbẹ̀ ni, ẹ dárí jì í.

Nílé, òfin pọ̀. N kò gbọdọ̀ gbé nǹkan wúwo, n kò gbọdọ̀ fi ẹ̀gbẹ́ sùn, n kò gbọdọ̀ gun ọ̀kadà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ kò fojú rere wo ẹni tí irin wà láyà rẹ̀. Wọ́n fún mi ní ohun èlò kékeré kan tí mò ń fa èémí láti inú rẹ̀, tí bọ́ọ̀lù inú rẹ̀ á máa gòkè. Ìyá mi sọ ara rẹ̀ di ọ̀gá lórí rẹ̀. "Ṣe é mọ́ra, ó kù díẹ̀, kò tíì dókè!" Ìyá Àgbàdo wá kí mi, mo sì bẹ̀ ẹ́ kó má pa mí lẹ́rìn-ín nítorí ẹ̀rín ń ro mí lójú egbò. Ó ṣèlérí. Kò pẹ́ tó bi mí pé ṣé mo bi dókítà ní ìbéèrè òun. Mo ní mo bi í, ó ti lọ́kọ, ó sì ti bímọ. Ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Adìẹ ọ̀ún ti yé ẹyin kẹ̀, dúró kí mọ bá ọ wá ọ̀mọ̀wé mìíràn." Mo di àyà mú, mo rẹ́rìn-ín, mo ń pariwo yéè.

Nígbà tí mo padà sí ilé ẹ̀kọ́, mo kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ nípa òkè láti ìbẹ̀rẹ̀ títí agogo fi lù, n kò dúró níbì kankan. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní tíṣà ti ń yára sọ̀rọ̀ jù, kí n ṣàánú àwọn. Ọ̀gá wa gba ẹnu ọ̀nà kọjá, ó dúró gbọ́ díẹ̀, ó mi orí, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò tún dárúkọ fáìlì sí mi létí mọ́ títí di òní.

Nígbà tó yá, wọ́n yọ irin náà, dókítà sì ní kí n máa lọ ṣe gbogbo ohun tó wù mí. Ohun tó kọ́kọ́ wù mí ni pé kí n lọ bá ẹ̀gbọ́n mi ká kòkó ní Ògòtún. Oko rẹ̀ wà lẹ́yìn òkè kan tí ọkọ̀ kò lè dé, ẹsẹ̀ lèèyàn ń fi gùn ún. A ṣiṣẹ́ láti àárọ̀. Nígbà tí oòrùn ń lọ, a gbé apẹ̀rẹ̀ rù, a forí lé ọ̀nà títì. Mò ń lọ, mò ń ro ti ìdánwò tí mo fẹ́ ṣètò fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, n kò tilẹ̀ kíyè sí ọ̀nà. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé orí òkè nígbà tí mo gbọ́ ohùn kan láti ìsàlẹ̀ lẹ́yìn mi.

"Àbúrò! Dúró dè mí o, jàre! Èémí mi ti tán!"

Mo yíjú padà. Ẹ̀gbọ́n mi ni, alágbára inú ilé wa, ó fi àdá tilẹ̀, ó tẹ̀ síwájú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, èmi ni mo máa ń pariwo ọ̀rọ̀ yẹn. Mo ti ké e tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n mi, mo ti ké e tẹ̀lé àwọn ẹgbẹ́ mi, mo ti ké e tẹ̀lé ìyá mi pẹ̀lú ẹrù lórí rẹ̀. Kò sí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni ní ayé yìí ti ní kí èmi dúró de òun. Omi ń bọ́ lójú mi lórí òkè yẹn, n kò sì nù ún. Mo sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀.

Mo ké sí i pé, "Ẹ máa bọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má kánjú. Mo ń dúró dè yín."